Kíka Igi Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbìn

Kíka ewéko ọ̀wọ́n ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ ohun tó ṣẹ́ kù nínú igbó, ibi tó wà, iye tó jẹ́, àti bóyá ó ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dín kù. Ewéko tí ọ̀rọ̀ kàn níbí kì í ṣe èyí tí àgbẹ̀ gbìn. Igi ńlá tó hù fúnra rẹ̀ wà lára rẹ̀, ìtàkùn wà lára rẹ̀, koríko ẹ̀bá odò náà wà níbẹ̀, títí dé orí ewé kékeré tó ń fara pamọ́ sábẹ́ igi. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn tó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Olùkọ́ wà nínú wọn, akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì, ọdẹ, àgbẹ̀ àti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Wọ́n yọ̀ǹda ọjọ́ ìsinmi wọn, wọ́n mú ìwé àti pẹ́ńsùlù, wọ́n wọ igbó.

Ìdí tí iṣẹ́ náà fi bọ́ sí ọwọ́ irú wọn kò ṣòro láti rí. Àwọn onímọ̀ ewéko tí ìjọba ń sanwó fún kò tó nǹkan, ilẹ̀ sì fẹ̀. Ewéko kan lè yọ òdòdó fún ọ̀sẹ̀ méjì péré láàárín ọdún. Bí onímọ̀ tó ti Ìbàdàn wá kò bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láì dá a mọ̀. Ẹni tó ń gbé àdúgbò, tó ń gba ibẹ̀ lọ sóko tàbí sí ọjà láràárọ̀, ni yóò rí i.

Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì, wà lára ibi tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti wúlò jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ti igbó kìjikìji tó gba ìhà gúúsù Nàìjíríà kọjá. Bí èèyàn bá gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò lọ sí orílẹ̀-èdè Benin, díẹ̀díẹ̀ ni igbó yìí ń ṣí. Láti Benin gba Togo títí wọ ìlà oòrùn Ghana, ọ̀dàn ló pọ̀ jù, kí igbó kìjikìji tó tún bẹ̀rẹ̀ níwájú. Nítorí náà ọ̀pọ̀ igi inú igbó ńlá ló sún mọ́ ìpẹ̀kun ilẹ̀ wọn ní agbègbè Ọ̀tà, Yewa, àti Pobè tó wà ní òdìkejì ẹnubodè. Igi tó wà ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ rẹ̀ kì í sábà pọ̀. Bí wọ́n bá gé e tán, irúgbìn mìíràn kì í tètè ti ìwọ̀ oòrùn wá dípò rẹ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1976, ilé iṣẹ́ ti rọ́ wọ Ọ̀tà, Sàngó, Agbára àti Ìgbẹ́sà. Èkó wà nítòsí, ilẹ̀ Èkó sì ti wọ́n gógó. Fáktírì tó ń yọ́ irin wà níbẹ̀, àti èyí tó ń ṣe ike, ọṣẹ, oúnjẹ àti oògùn. Ibi tí fáktírì bá lọ ni ilé ń tẹ̀ lé e lọ: ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn tó lé ní 520,000 ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà nìkan. Katakata kì í béèrè orúkọ igi kó tó wó o.

Síbẹ̀ igbó irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Ńṣe ló máa ń fọ́ wẹ́wẹ́. Díẹ̀ máa ń kù sí ẹ̀bá odò, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ jù fún ilé kíkọ́, bíi bèbè odò Àtùwàrà àti ti odò Ìjù. Díẹ̀ máa ń kù nínú igbó orò àti ojúbọ, díẹ̀ lábẹ́ wáyà iná ńlá, díẹ̀ lẹ́yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tó ní ilẹ̀ púpọ̀. Ifásitì méjì ló wà ní Ọ̀tà, Covenant tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 àti Bells tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, àwọn méjèèjì sì ní ilẹ̀ tí ògiri yí ká. Ohun tó lè ya èèyàn lẹ́nu ni pé ògiri fáktírì náà lè dáàbò bo igi ju òfin lọ. Agégi kò lè wọlé, ẹni tó ń wá igi ìdáná kò lè wọlé, ẹni tó ń jó èédú kò lè wọlé. Bí olówó ibẹ̀ kò bá tíì fẹ́ fi ilẹ̀ ẹ̀yìn náà ṣe nǹkan kan, igi inú rẹ̀ yóò máa dàgbà lọ.

Kí ni wọ́n ń pè ní ọ̀wọ́n gan-an? Àjọ IUCN, tó ti ń ṣe Àkọsílẹ̀ Pupa láti ọdún 1964, ló ń pín ohun abẹ̀mí sí ìpele ìpele gẹ́gẹ́ bí ewu tó wà lórí rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ìpele kan wà fún èyí tó ṣì pọ̀, òmíràn wà fún èyí tó ti ń sún mọ́ ewu, mẹ́ta wà fún èyí tí ewu ti dé bá, èyí tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ ti èyí tó ti kú run. Ní 2024, àjọ náà kéde pé nínú oríṣi igi tó lé ní 47,000 tí wọ́n ti yẹ̀ wò káàkiri ayé, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú ewu. Ọ̀gànwó wà lára wọn, idígbó náà wà lára wọn. Wọ́n ti fi orógbó sínú ìpele ewu, pẹ̀lú abùrà, igi àbàtà tí wọ́n kó lọ sí Yúróòpù lọ́pọ̀ yanturu nígbà kan. Àwọn oníṣòwò pákó ní òkè òkun ṣì ń fi orúkọ ilẹ̀ wa pè wọ́n: ìrókò, idígbó, abùrà. Ìyẹn fi bí ọjà náà ṣe tóbi tó hàn.

Ìrókò fúnra rẹ̀ yẹ ní àlàyé tó gùn díẹ̀, nítorí òun ni igi tí gbogbo èèyàn rò pé àwọn mọ̀. Àjọ IUCN fi sí ìpele èyí tó ń sún mọ́ ewu. Ìrókò tó dúró sí àárín ìlú tàbí ojúbọ máa ń pẹ́, nítorí ẹ̀rù olúwéré, ẹ̀mí tí wọ́n gbà pé ó ń gbé inú rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àáké kàn án. Àmọ́ ìrókò ní akọ àti abo, igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n: akọ ń yọ òdòdó gígùn tó rọ̀ wálẹ̀, abo ló ń so èso. Bí ìrókò méje bá kù ní agbègbè kan, tí gbogbo méje jẹ́ akọ, èso kò ní sí níbẹ̀ láéláé. Bí abo bá wà tí akọ jìnnà sí i jù, bákan náà ni. Àdán ló ń jẹ èso yìí tó sì ń gbé kóró rẹ̀ lọ sí ibòmíràn; níbi tí wọ́n bá ti pa àdán tàbí tí wọ́n lé e lọ, kóró kì í rìn jìnnà. Kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ́ Phytolyma sì máa ń sọ ewé àti ẹ̀ka ọ̀dọ́ ìrókò di kókó, títí ọ̀dọ́ igi náà yóò fi kú. Òun ni kò jẹ́ kí gbígbin ìrókò lọ́pọ̀ sí ojú kan ṣeé ṣe bí wọ́n ṣe ń gbin tíìkì. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ “ìrókò mẹ́rin” sínú ìwé kò tíì sọ ohun tó pọ̀. Mélòó ni akọ, mélòó ni abo? Báwo ni ìdí rẹ̀ ti nípọn tó? Ṣé ọmọ igi ń hù lábẹ́ rẹ̀? Ìwọ̀nyí ni ìbéèrè tí wọ́n ń kọ́ àwọn olùyọ̀ǹda láti dáhùn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ìrókò bá wọ́wé tó sì yọ òdòdó, ló dára jù láti dáhùn wọn.

Kì í ṣe gbogbo ewéko ni òwò pákó ń pa. Orin àtà, tí wọ́n fi ń rin ẹnu, gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n ń wà, gbòǹgbò tí wọ́n bá sì wà tán, igi orí rẹ̀ kú nìyẹn. Gbòǹgbò yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ní Ifásitì Ifẹ̀ ṣèwádìí lé lórí ní àwọn ọdún 1970 nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ewéko àjèjì náà ń pa ti ilé. Nǹkan bí ọdún 1937 ni wọ́n gbà pé ewé kan ti Éṣíà bá kóró igi mẹlíínà wọ Nàìjíríà, ó sì ti borí gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n bá ṣán. Àwọn kan ń pè é ní Akíntọ́lá, àwọn mìíràn ń pè é ní Awólówọ̀, bóyá ó sinmi lé ẹgbẹ́ òṣèlú tí bàbá kálukú ṣe. Ní 1984, òṣíbàtà àjèjì olódòdó aró gba ojú omi Badagry wọlé láti Benin, kò sì pẹ́ tó fi bo ọ̀sà. Nítorí náà, ẹni tó ń ka ewéko ọ̀wọ́n máa ń kọ ohun tó ń ká a mọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tó mú kí àkọsílẹ̀ ṣe pàtàkì ní ìlú fáktírì ni òfin kan tó ti wà láti 1992, èyí tó ní kí iṣẹ́ ńlá má bẹ̀rẹ̀ láì kọ́kọ́ wádìí ohun tó máa ṣe sí àyíká. Àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ ìwádìí náà fún máa ń wá sí orí ilẹ̀, wọn a kọ ohun tí wọ́n rí, wọn a sì wo ìwé tó wà nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ewéko ọ̀wọ́n kan wọlẹ̀ ni wọ́n wá, tí kò sì sí ìwé kankan tó sọ pé ó ń gbé ibẹ̀, kò ní sí nínú ìròyìn wọn. Ohun tí kò sí nínú ìròyìn, kò sí ẹni tí yóò ní kí wọ́n yẹra fún un. Ọ̀pọ̀ ewéko ń parun lọ́nà yìí láì sí ọ̀tá kankan tó mọ̀ọ́mọ̀ dojú kọ wọ́n.

Iṣẹ́ kíkọ ewéko sílẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1887, Alfred Moloney, tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà, tẹ ìwé kan jáde nípa igbó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ọgbà ewéko sílẹ̀ ní Ẹ̀bútè-Mẹ́tta. Ní 1899 wọ́n ya Olókèméjì sọ́tọ̀, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, lára àwọn igbó ọba àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní 1943 ni ilé àkójọ ewéko gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, èyí tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìwádìí igbó, FRIN, ní Jẹ́ríkò títí dòní. Ewéko tó lé ní 100,000 ló wà níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí, wọ́n sì kọ ọjọ́, ibi àti orúkọ ẹni tó já wọn sí ara wọn. Láti inú irú àkójọ yìí ni R. W. J. Keay, C. F. A. Onochie àti D. P. Stanfield ti rí ohun tí wọ́n fi kọ ìwé wọn lórí igi Nàìjíríà, tó jáde ní 1960 àti 1964.

Àwọn tí kò gbowó wà nínú ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1930 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Nigerian Field Society sílẹ̀, ní 1931 ni ìwé àtìgbàdégbà rẹ̀, The Nigerian Field, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Òṣìṣẹ́ ọba, olùkọ́, dókítà àti àlùfáà ló pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn, òyìnbó sì ni èyí tó pọ̀ jù. Ẹyẹ, ejò, igi, òdòdó àti àṣà ìlú ni wọ́n ń kọ nípa rẹ̀, nítorí pé ó wù wọ́n. Àkọsílẹ̀ irú wọn, bí ó tilẹ̀ kéré, ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ohun tó wà níbì kan kí ibẹ̀ tó di títì tàbí ilé.

Ní ti ẹyẹ, Nàìjíríà ti fi hàn pé iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Láti 2015 ni wọ́n ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà, pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn iléeṣẹ́ ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis ní Jos. Wọ́n pín gbogbo ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án níbùú àti lóròó. Olùyọ̀ǹda tó bá wọ ọ̀kan gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán wákàtí méjì níbẹ̀, kó sì fi fóònù kọ gbogbo ẹyẹ tó bá rí tàbí tó gbọ́. Ewéko kì í fò lọ, nítorí náà èèyàn lè rò pé tirẹ̀ rọrùn ju ti ẹyẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ máa ń ké, ewéko kì í ké, ó sì lè jẹ́ pé ewé mẹ́ta tó jọra wọn bí ìbejì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Lókè òkun, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó ti ṣe é pẹ́ jù. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ewéko Britain àti Ireland, BSBI, tẹ àbájáde kan jáde ní 2023 lórí àkọsílẹ̀ tí àwọn olùyọ̀ǹda tó fẹ́ẹ̀ pé 9,000 ṣe láàárín 2000 sí 2019. Àkọsílẹ̀ náà lé ní mílíọ̀nù 26, oríṣi ewéko 3,445 ló sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó jáde níbẹ̀ kò dùn mọ́ni: ó lé ní ìdajì ewéko ìbílẹ̀ ibẹ̀ tó ti dín kù láti àárín ọ̀rúndún ogún. Ní Chicago, ọgbà ewéko ìlú náà ti ń kó olùyọ̀ǹda jọ láti 2001 láti máa ṣọ́ ewéko ọ̀wọ́n.

Ti South Africa ló sún mọ́ ipò wa jù. Ní 2003, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ohun abẹ̀mí, SANBI, àti ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ewéko dá ètò kan tí wọ́n ń pè ní CREW sílẹ̀. Agbo kọ̀ọ̀kan ń mú agbègbè kan ní tirẹ̀. Ewéko ọ̀wọ́n ibẹ̀ di tiwọn láti máa lọ wò lọ́dọọdún, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì fi ìròyìn ránṣẹ́. Àkọsílẹ̀ wọn wà lára ohun tí orílẹ̀-èdè náà fi ṣe Àkọsílẹ̀ Pupa rẹ̀ ní 2009, nígbà tí wọ́n yẹ gbogbo ewéko ilẹ̀ wọn wò, tó lé ní 20,000. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ fáktírì níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wo àkọsílẹ̀ náà.

Ní Ọ̀tà, àwọn tó mọ ewéko jù lè má fi ẹsẹ̀ kan ifásitì rí. Eléwé ọmọ tó ń ta ewé tútù lọ́jà mọ ewé tó ti wọ́n, nítorí pé òun ló ń rìn jìnnà sí i láti já a. Lékúlejà tó ń ta èèpo àti egbò gbígbẹ mọ èyí tí owó rẹ̀ ti gun òkè. Owó ọjà fúnra rẹ̀ jẹ́ àkọsílẹ̀: egbò tó ń wọ́n sí i lọ́dọọdún ti ń jìnnà sí ìlú. Ọdẹ mọ ibi tí igi kan ṣoṣo wà tí kò sí irú rẹ̀ mọ́. Àwọn agbẹ́gilére tó ń gbẹ́ ìlù àti ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń wá òmọ̀, wọ́n sì mọ ibi tí òmọ̀ ńlá kù sí. Ìwádìí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ àwọn wọ̀nyí kọjá, tó lọ kó akẹ́kọ̀ọ́ nìkan jọ, ti sọ ìdajì ọgbọ́n nù.

Ṣùgbọ́n orúkọ tí ọjà ń pe ewé kò tó fún ìwé ìmọ̀. Orúkọ Yorùbá kan lè jẹ́ ti ewéko méjì tàbí mẹ́ta, ewéko kan sì lè ní orúkọ mẹ́rin láti Ẹ̀gbá dé Ìjẹ̀bú. Ní 1984 ni Z. O. Gbilé ti FRIN tẹ ìwé kan jáde tó to orúkọ Yorùbá ewéko pọ̀ mọ́ ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ó sì ṣì wúlò. Ìlànà tó dára ni pé kí olùyọ̀ǹda kọ orúkọ tí ará ibẹ̀ pe ewé náà gan-an bí ó ti gbọ́ ọ, kó sì fi ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ kíkà náà kò sí nínú igbó rárá. Àṣẹ ni. Ẹni tó bá gbé téèpù àti GPS wọ igbó ní àyíká Sàngó-Ọ̀tà láì sọ fún ẹnikẹ́ni, sọ́fíyọ̀ tàbí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ni wọ́n máa pè é, àwọn ọmọ onílẹ̀ kò sì ní pẹ́ dé. Ọ̀dọ̀ baálẹ̀ àti mọ̀lẹ́bí tó ni ilẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní fáktírì tàbí ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ìwé ni wọ́n ń kọ. Igbó orò ní òfin tirẹ̀: obìnrin kò gbọ́dọ̀ wọ ọ́, ọjọ́ kan sì wà tí ọkùnrin tí kì í ṣe ara wọn kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Níbẹ̀, ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí wọ́n kọ́ méjì mẹ́ta nínú àwọn tó ni igbó náà ní bí wọ́n ṣe ń kà, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ kíkà náà sílẹ̀ fún wọn.

Nínú igbó, wọn kì í kàn rìn kiri. Wọ́n á ta okùn ọgọ́rùn-ún mítà, wọ́n á sì ka ohun tó wà ní mítà márùn-ún lápá ọ̀tún àti márùn-ún lápá òsì. Fún igi ńlá, wọ́n ń wọn ìdí rẹ̀ ní ìwọ̀n mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 30 láti ilẹ̀, nǹkan bí àyà àgbàlagbà, kí gbogbo ẹni tó bá wọn igi lè wọn ibì kan náà. Lẹ́yìn náà ni fọ́tò. Fọ́tò igi lódindi nìkan kò wúlò tó bẹ́ẹ̀. Ojú ewé, ẹ̀yìn ewé, bí ewé ṣe so mọ́ ẹ̀ka, òdòdó, èso, èèpo igi: gbogbo rẹ̀ ni onímọ̀ tó wà ní Ìbàdàn nílò. Wọ́n á kọ ọjọ́, ibi, irú ilẹ̀, bóyá omi wà nítòsí, iye igi, iye ọmọ igi, àti ohun tó ń halẹ̀ mọ́ ọn, ì báà ṣe ààtàn, iná, omi dúdú láti fáktírì tàbí òpó tí sọ́fíyọ̀ ti rì mọ́lẹ̀.

Níbi tí fọ́tò kò bá tó, wọ́n á já ẹ̀ka kan. Ìlànà àwọn onímọ̀ ni pé bí ewéko náà kò bá tó ogún níbẹ̀, kí wọ́n má fa ọ̀kankan tu. Ẹ̀ka náà á bọ́ sáàárín ìwé ìròyìn, wọ́n á fi pákó méjì dè é mọ́lẹ̀, wọ́n á sì máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ. Ní ìgbà òjò, ní ilẹ̀ tó rọ̀ bíi ti Ọ̀tà, ewé lè hu funfun lọ́jọ́ mẹ́ta péré, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń gbé e sí tòsí gílóòbù iná tàbí èédú tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Bí iná ọba bá lọ, èédú ló kù.

Àṣìṣe kò lè ṣaláì wà. Ewé ọmọ ìrókò ní eyín létí, ó sì nírun, ewé àgbà ìrókò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí á rò pé igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí wọ́n bá já ewé rẹ̀, tí oje funfun jáde, ìyẹn ń ranni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ igi mìíràn ní oje funfun. Nítorí náà gbogbo àkọsílẹ̀ olùyọ̀ǹda ń gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá kó tó di ìmọ̀. Lórí iNaturalist, ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn ń kọ ohun abẹ̀mí tí wọ́n rí sí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní California ní 2008, àkọsílẹ̀ kò ní di èyí tí onímọ̀ lè lò àfi bí ẹlòmíràn bá fara mọ́ orúkọ tí ẹni àkọ́kọ́ fún un. Pl@ntNet ti ilẹ̀ Faransé ń fi kọ̀ǹpútà sọ ohun tó rò pé ewé inú fọ́tò jẹ́. Ó wúlò fún òdòdó ọgbà àti igi tó wọ́pọ̀. Fún ewéko ọ̀wọ́n inú igbó wa, tí fọ́tò rẹ̀ kò pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ tán.

Àkọsílẹ̀ tó sọ pé “a wá a, a kò rí i” náà níye lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wu olùyọ̀ǹda láti kọ ọ́. Láìsí i, kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ̀ bóyá ewéko náà ti kú tán níbẹ̀ tàbí pé ẹnikẹ́ni kò débẹ̀ wò. Fún ìdí kan náà ni wọ́n ṣe ń padà sí ojú okùn kan náà lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì. Kíkà ẹ̀ẹ̀kan ń sọ ohun tó wà; kíkà ẹ̀ẹ̀mejì ló ń sọ ohun tó ń lọ.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń kéde. Bí wọ́n bá kọ ojú ibi tí ọ̀gànwó ńlá kan wà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, agégi á ṣáájú onímọ̀ débẹ̀. iNaturalist fúnra rẹ̀ máa ń fi ojú ibi gan-an tí ewéko tó wà nínú ewu wà pamọ́, a sì fi àmì rẹ̀ sí ibòmíràn láàárín agbègbè tó fẹ̀ tó nǹkan bí ogún kìlómítà. Àwọn tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú èyí tó péye. Ní Ọ̀tà, ẹni tí wọ́n ń fi pamọ́ fún lè jẹ́ ẹni tó ń ra pákó, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń ra ilẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ ibi tí ewéko wà, iṣẹ́ kan ṣì kù, ìyẹn ni kíkó irúgbìn. Ní Moor Plantation, Ìbàdàn, NACGRAB, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987, ń tọ́jú irúgbìn. Ní England, ọgbà Kew ṣí ilé irúgbìn ńlá kan ní 2000 tó ń gba irúgbìn láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Irúgbìn tó ṣeé sá gbẹ kó sì wọ yìnyín ló bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu. Ọ̀pọ̀ igi igbó kìjikìji kò rí bẹ́ẹ̀. Orógbó tí wọ́n bá sá gbẹ ti kú, bí wọ́n bá sì gbìn ín tútù, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó hù. Irú igi yìí kò ní ilé ìpamọ́ mìíràn ju ilẹ̀ lọ.

Ní Drabo, ní gúúsù Benin, nítòsí Calavi, ẹnì kan ti ṣe irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ lójú ilẹ̀. Láti nǹkan bí 1995 ni Peter Neuenschwander, onímọ̀ kòkòrò tó bá IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣiṣẹ́, ti ń ra ilẹ̀ tó yí igbó òrìṣà kékeré kan ká, tó sì ń kó ewéko ọ̀wọ́n láti gbogbo Benin wá gbìn síbẹ̀. Òun pẹ̀lú àwọn mìíràn ló ṣe Àkọsílẹ̀ Pupa ti Benin tí IITA tẹ̀ jáde ní 2011. Kí ẹnikẹ́ni tó lè ṣe irú rẹ̀ lẹ́bàá Àtùwàrà tàbí lẹ́yìn ògiri fáktírì kan ní Sàngó, yóò ní láti mọ abo ìrókò tó ń so àti orógbó igbó tó kù, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, àti oṣù tí èso rẹ̀ ń já bọ́. Inú ìwé àwọn tó kà wọ́n ni yóò ti rí i.